Láti Orí Òkìtì Èèpo Ẹ̀gẹ́ Dé Inú Àpò Oúnjẹ Ẹran

Ẹni tó bá ti ya ibùdó gààrí kankan ní Òkè-Ògùn, ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Yewa mọ òkìtì èèpo tó máa ń wà lẹ́yìnkùlé ibẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sí i, ó ń rùn, eṣinṣin á bò ó. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọn a dáná sun ún. Nínú kílò ẹ̀gẹ́ 100 tí a bá fi ọ̀bẹ bẹ, nǹkan bí kílò 20 ló ń bá èèpo lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí orílẹ̀-èdè tó ń wa ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà láyé. Ohun tí a ń sun yìí pọ̀ gan-an.

Kì í ṣe pé àwọn ará oko kò mọ̀ pé ẹran ń jẹ èèpo. Ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, èèpo tútù ní májèlé sayanáìdì nínú, ó sì pọ̀ nínú èèpo ju inú iṣu ẹ̀gẹ́ lọ, ẹ̀gẹ́ kíkorò ló sì ní in jù. Èkejì, tí a bá sá èèpo odindi sóòrùn, ó ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ó tó gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà òjò, ó ti bu kí ó tó gbẹ. Ní nǹkan bí ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ILRI, ilé ìwádìí ohun ọ̀sìn àgbáyé tó ní ẹ̀ka nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn aláṣe-gààrí ní ọ̀nà kan tó yanjú méjèèjì: ẹ rin èèpo náà bí ẹní rin ẹ̀gẹ́, ẹ fún omi rẹ̀, ẹ tú u, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ sá a. Irinṣẹ́ gààrí náà ni a ó lò. Ohun tó mú kí iṣẹ́ yìí bá àwọn obìnrin tí kò nílẹ̀, tí wọn kò sì lówó ńlá lọ́wọ́, mu nìyẹn.

Ẹ wá olùrà kí ẹ tó wá ẹ̀rọ

Àṣìṣe tó ń pa ẹgbẹ́ jù ni pé wọ́n á kọ́kọ́ yá owó ra ẹ̀rọ ìrin tuntun. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ibùdó gààrí kì í ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́. Àsìkò kan máa ń wà, lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ tàbí ní ọjọ́ ọjà, tí kò sẹ́ni tó ń rin nǹkan. Ẹ bá ẹni tó ni ẹ̀rọ ṣàdéhùn iye tí yóò gbà lórí agbọ̀n kọ̀ọ̀kan ní àsìkò yẹn. Bí ẹ bá ti ṣe é fún oṣù mẹ́ta tí ọjà sì ń lọ, ìgbà náà ni kí ẹ tó máa sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tiyín.

Kí ẹ tó rin agbọ̀n kan, ẹ rìn yíká. Ta ló ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní agbègbè yín? Ta ló ní ewúrẹ́ tó ju mẹ́wàá lọ? Ta ló ń po oúnjẹ adìyẹ tà? Ẹ mú kílò 2 sí 5 tí ẹ ti ṣe fún ìdánwò lọ bá wọn, kí ẹ sì béèrè iye kílò tí wọ́n lè rà lọ́sẹ̀ kan. Olùrà mẹ́ta tó dájú sàn ju ilé ìpo-oúnjẹ ńlá kan tó ní kí ẹ kó tọ́ọ̀nù mẹ́wàá wá, tí kò sì ní san owó títí di oṣù tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń fò: ta ló ni èèpo? Níbòmíràn, ẹni tó ni ẹ̀gẹ́ ló ni ín. Níbòmíràn, àwọn tó ń gba iṣẹ́ bíbẹ, tí wọ́n ń sanwó fún lórí agbọ̀n, ló ń kó èèpo lọ fún ewúrẹ́ wọn, àwọn náà ló sì máa ń tálákà jù níbẹ̀. Àwọn Fúlàní àdúgbò náà sì lè ti ń wá kó o lọ́fẹ̀ẹ́ fún màlúù láti ọjọ́ pípẹ́. Tí ẹ bá gba gbogbo rẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ lójijì, ìjà yóò bẹ́. Ẹ pe ìpàdé níwájú baálẹ̀. Ẹ fi àwọn tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ sínú ẹgbẹ́, tàbí kí ẹ máa ra èèpo lọ́wọ́ wọn ní iye kan lórí agbọ̀n, kí ẹ sì fi ìwọ̀n kan sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́ran. Owó kékeré tí ẹ ń san lórí agbọ̀n yẹn náà ni yóò mú kí wọ́n bá yín ṣọ́ iyanrìn, a ó sì rí i nísàlẹ̀ ìdí tí iyanrìn fi ṣe pàtàkì.

Ohun tí ẹ nílò

Fún ẹgbẹ́ obìnrin 8 sí 12 tó fẹ́ máa ṣe kílò 300 èèpo tútù lẹ́ẹ̀kan:

- ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ (yíyá);
- ìfúngààrí onírin pẹ̀lú jáàkì ọkọ̀ ńlá, tọ́ọ̀nù 20 tàbí 32;
- àpò oníhò tó lágbára, 10 sí 12, tí kò tíì gbé ajílẹ̀ tàbí kẹ́míkà rí;
- tapólì méjì: ọ̀kan fún ibi tí a ti ń bẹ ẹ̀gẹ́, ọ̀kan fún sísá;
- asẹ́ gààrí;
- òṣùwọ̀n tó lè wọn kílò 50 ó kéré tán;
- àwọn pákó ìtilẹ̀ tí a ó to àpò lé.

Ibi ìsánǹkan ni kí ẹ fara balẹ̀ wọ̀n. Kílò 300 èèpo tútù, lẹ́yìn fífún, á ku nǹkan bí kílò 155. Tí a bá tẹ́ kílò 4 sórí mítà kan níbùú lóròó, ó gba nǹkan bí mítà 8 ní 5. Ilẹ̀ símẹ́ńtì dára ju tapólì lọ nítorí pé ó ń gba ooru mọ́ra. Tapólì dúdú ló tẹ̀ lé e. Ẹ má sá a sí etí títì: eruku, èéfín ọkọ̀ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ á wọ inú rẹ̀, olùrà tó mọ nǹkan á sì fi ojú kan mọ̀ ọ́n.

Bí a ṣe ń ṣe é

*Ìkórajọ.* Ẹ tẹ́ tapólì sábẹ́ àwọn tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ kí èèpo má kan ilẹ̀ rárá. Mo tún un sọ: kí ó má kan ilẹ̀. Iyanrìn ló ń ba ọjà yìí jẹ́ ju ohunkóhun lọ. Ó ń jẹ irin ìrin, ó ń wúwo nínú àpò bí ẹni ń tan olùrà jẹ, kò sì sí asẹ́ tó lè yọ iyanrìn kíkúnná kúrò lẹ́yìn tó bá ti wọ inú èèpo rírin. Tí ẹ̀gẹ́ bá jẹ́ èyí tí wọ́n wú lórí ilẹ̀ ẹrẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọn ẹrẹ̀ rẹ̀ tàbí kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó bẹ ẹ́.

*Ṣíṣà.* Ẹ ṣa orí ẹ̀gẹ́ tó le bí igi, òkúta, ọ̀rá, àti ọ̀bẹ kúrò nínú èèpo. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀bẹ: ó máa ń bọ́ sínú èèpo, tó bá sì wọnú ẹ̀rọ, á fọ́ ẹ̀rọ, ó sì lè ta lu ènìyàn. Èèpo tó ti bu, tó ti dúdú tàbí tó ti ń yọ̀, ẹ gbé e lọ sí ajílẹ̀. Ẹ má lérò pé oòrùn á wẹ̀ ẹ́ mọ́.

*Rírin.* Ọjọ́ tí wọ́n bẹ ẹ náà ni kí ẹ rin ín. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti ń gbóná láàárín òkìtì, ó ti ń bàjẹ́. Ẹ rin ín lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta títí tí kò fi ní sí ègé gígùn mọ́. Rírin yìí gan-an ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ májèlé: nígbà tí èèpo bá fọ́ wẹ́wẹ́, ohun kan tí Ọlọ́run ti dá mọ́ ẹ̀gẹ́ á pàdé ohun tó gbé májèlé náà pamọ́, á tú u sílẹ̀, apá kan á bá omi lọ, ìyókù á bá atẹ́gùn lọ. Èèpo tí a kàn gé sí wẹ́wẹ́ kò fọ́ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí nínú yàrá tí a tì pa. Ẹni tó ń ti èèpo sínú ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ ró ìró tó ń wọ́lẹ̀ tàbí kí ó fi ìborùn sọ́rùn, igi ni kí ó sì fi máa tì í, kì í ṣe ọwọ́.

*Fífún.* Ẹ dì í sínú àpò, kí àpò má kún ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ, kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Ẹ to wọ́n sábẹ́ ìfúngààrí, ẹ fa jáàkì díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fà á tán lẹ́ẹ̀kan náà á bẹ́ àpò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ tún fà á, lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kẹta, kí ẹ sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ní òwúrọ̀, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un mọ́wọ́: ó yẹ kó di ìṣù, kó sì fọ́ bí ẹ bá ti fi ìka kàn án, láìsí omi lọ́wọ́. Tí omi bá kán, jáàkì ni kí ẹ padà sí. Ó ju ìdajì omi inú èèpo lọ tí jáàkì ń gbé lọ láìjó igi kankan. Gbogbo wákàtí tí ẹ bá fi tọrọ lọ́wọ́ jáàkì lóru ni ẹ kò ní fi bẹ oòrùn lọ́sàn-án.

*Títú àti jíjọ̀.* Ẹ fọ́ ìṣù náà, kí ẹ tún gbé e gba inú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó lè tú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi asẹ́ gààrí jọ̀ ọ́. Èyí tó bọ́ sísàlẹ̀ kúnná. Òun ni ti adìyẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹja. Èyí tó ṣẹ́kù sórí asẹ́ ni oníwóro. Okùn inú rẹ̀ pọ̀, ti ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù nìyẹn. Ẹ má pò wọ́n pọ̀ tà. Ẹni tó ń sin adìyẹ á san owó tó pọ̀ jù fún èyí tó kúnná, ẹlẹ́wúrẹ́ ò sì nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń tà á ní àpòpọ̀ ló ń tà á ní owó ewúrẹ́.

*Sísá.* Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni kí ó ti wà nílẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́, kí ó má nípọn ju ìbú ìka kan lọ. Kí ẹnì kan máa fi igi onípákó tú u láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí 6 sí 8 ti tó. Bí ó bá di aago márùn-ún tí kò tíì gbẹ, ẹ kó o wọlé, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ fẹ́lẹ́ sínú ilé. Ẹ má kó o jọ sínú àpò ní tútù pé ó di ọ̀la: ooru á sọ ọ́ di ilé èébu kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nígbà òjò

Láti oṣù Kẹfà títí di oṣù Kẹsàn-án, oòrùn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Agbada gààrí lè ràn yín lọ́wọ́: ẹ yan èyí tó kúnná lórí iná tó rọra ń jó, kí ẹ máa rò ó láìdúró, títí tí yóò fi gbẹ láìyí àwọ̀ padà. Tó bá ti ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ ti bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n kí a sòótọ́: igi ìdáná lè jẹ gbogbo èrè. Níbi tó bá jẹ́ pé igi rírà ni, mo rò pé ó sàn kí ẹ dín iye tí ẹ ń ṣe kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ẹ sá a sábẹ́ òrùlé ọ̀rá funfun tí atẹ́gùn ń fẹ́ gbà kọjá, ju kí ẹ gé igi oko tán nítorí oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá gbọ́n á ṣe púpọ̀ láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, á tọ́jú rẹ̀ fún oṣù òjò, nígbà tí owó rẹ̀ ń gòkè.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbẹ, àti bí a ṣe ń pa á mọ́

Ohun tí a ń wá ni omi 10 sí 12 nínú 100. Kò sí ẹ̀rọ ìwọ̀n omi lóko, ṣùgbọ́n iyọ̀ wà. Ẹ mú ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú oúnjẹ náà sí i, ẹ fi ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ kan sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi rẹ̀ ṣì ju 15 lọ, ẹ dá a padà sóòrùn. Bí kò bá lẹ̀, ẹ tún sá a fún wákàtí kan sí i kí ó lè dájú, nítorí pé ìdánwò yìí kò lè sọ ìyàtọ̀ láàárín 14 àti 11.

Ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó dì í. Ohun gbígbóná tí a dì sínú àpò á làágùn, ibẹ̀ sì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Èébu yìí lè mú aflatoxin wá, májèlé tí oòrùn àti sísè kò lè pa, tó sì ń ba ẹ̀dọ̀ adìyẹ àti ẹja jẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é sára àpò, ẹ to àwọn àpò lórí pákó kí wọ́n má fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri, kí ẹ sì máa ta èyí tó pẹ́ jù ṣáájú. Èyí tó gbẹ dáadáa lè tó oṣù mẹ́fà.

Omi tó jáde lábẹ́ ìfúngààrí

Omi yìí ni ohun tó léwu jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òun sì ni a kì í kà sí. Májèlé tó jáde lára èèpo ló wà nínú rẹ̀. Ewúrẹ́ tó bá mu ún lè kú, ibi tó bá ń ṣàn gbà, koríko ò ní hù níbẹ̀, tó bá sì wọ odò, ẹja á kú. Ẹ gbẹ́ kòtò fún un, ó kéré tán mítà 30 sí kànga tàbí odò, ní ìsàlẹ̀ ibi tí kànga wà, kí ẹ sì fi igi yí i ká kí ẹran má bàa dé ibẹ̀. Ẹ lè jẹ́ kí ó kọ́kọ́ dúró nínú agbada ńlá fún wákàtí mélòó kan: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tó bá silẹ̀, ẹ pò ó mọ́ èyí tó kúnná kí ẹ tó sá a.

Bí a ṣe ń fi bọ́ ẹran

Agbára ni oúnjẹ yìí ń fún ẹran. Kò ní èròjà amáradàgbà tó tó, nǹkan bí 4 sí 5 nínú 100 péré. Ẹni tó bá fi òun nìkan bọ́ ewúrẹ́ á rí i tí ikùn rẹ̀ kún tí egungun rẹ̀ sì yọ. Fún ewúrẹ́ àti àgùntàn tó ń dàgbà, àpòpọ̀ kílò 100 tó ṣeé fi bẹ̀rẹ̀ rèé: oníwóro kílò 50, èérí èkùrọ́ tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ kúrò kílò 25, ewé àgúnmániyè gbígbẹ kílò 15, kúlíkúlí tí a gún kílò 7, egungun sísun tí a lọ̀ kílò 2, iyọ̀ kílò 1. Ewúrẹ́ kílò 20 lè jẹ nǹkan bí ìdajì kílò rẹ̀ lóòjọ́, pẹ̀lú koríko àti ewé tútù. Ẹ fi ọjọ́ 7 sí 10 mú un wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí inú ewúrẹ́ tí oúnjẹ rẹ̀ yí padà lójijì máa ń wú, àwọn mìíràn á sì máa ṣunú.

Ti adìyẹ gba ìṣọ́ra. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kílò 10 nínú 100, dípò àgbàdo. Tí ẹ bá ṣe jù bẹ́ẹ̀, pupa ẹyin á di funfun ràkọ̀ràkọ̀, nítorí pé èèpo kò ní ohun tó wà nínú àgbàdo pípọ́n tó ń fún ẹyin láwọ̀, àwọn oníbàárà á sì kọ̀ ọ́ lọ́jà bí kò tilẹ̀ ní àrùn kankan. Eruku rẹ̀ tún máa ń pọ̀. Epo pupa díẹ̀ tí a pò mọ́ ọn á mú eruku náà rọlẹ̀, á sì tún fún ẹyin láwọ̀. Àwọn tó ń po oúnjẹ adìyẹ fún títà gbọ́dọ̀ fi methionine, ọ̀kan lára ohun tó ń para pọ̀ di èròjà amáradàgbà, kún un, nítorí ẹ̀gẹ́ kò ní in tó, ara adìyẹ sì tún ń ná lára rẹ̀ láti fi pa ìwọ̀nba sayanáìdì tó bá ṣẹ́kù.

Bí ẹran kan bá jẹ èèpo tútù láìmọ̀, tó ń mí gúlegúle, tó ń da itọ́, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ pe dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀. Wákàtí kan ti pẹ́ jù fún un.

Owó

Ẹ má dá iye lé e nípa wíwo ẹnu olùrà. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ná lọ́jọ́ kan sílẹ̀, kí ẹ fi kílò tí ẹ tà pín in, kì í ṣe kílò tí ẹ ṣe. Àpẹẹrẹ lásán nìyí, kí ẹ fi iye àdúgbò yín rọ́pò rẹ̀: èèpo ₦3,000, ìrin àti epo ẹ̀rọ ₦6,000, owó iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta ₦15,000, àpò ₦1,000, ọkọ̀ ₦3,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦28,000. Nínú kílò 300 tútù, ẹ ó rí nǹkan bíi kílò 100 gbígbẹ. Ẹ yọ èyí tó dà nù àti ìtọ́wò tí olùrà bù, ó ku 96. ₦28,000 pín sí 96 jẹ́ nǹkan bíi ₦292 lórí kílò kan, kí a tó ronú èrè.

Ẹ ṣàkíyèsí pé owó iṣẹ́ ti wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò bá ka iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ sí owó á máa rò pé òun ń jèrè, nígbà tó jẹ́ pé ṣe ni àwọn obìnrin náà ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ohun tó ń dè yín lókè ni owó àgbàdo: kò sí ẹni tó máa ra èèpo ní iye àgbàdo. Bí àgbàdo bá já wálẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, tó sún mọ́ iye tí ẹ ná, ẹ dáwọ́ títà èyí tó kúnná dúró, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ máa ta oníwóro fún ẹlẹ́wúrẹ́ nìṣó. Ìdí tí a fi ní kí ó gbẹ dáadáa nìyẹn: ẹni tí ọjà rẹ̀ gbẹ lè dúró.

Lórí èrè, ohun tí mo ti rí tó dínjà kù ni pé kí a pín in lójú gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, bí àjọ. Kí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ sínú àpò ẹgbẹ́ fún àtúnṣe jáàkì àti tapólì, kí ìyókù jẹ́ ti àwọn tó ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé. Akọ̀wé, akápò àti ẹni tó ń wọn nǹkan lórí òṣùwọ̀n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnì kan náà, ì báà jẹ́ ìyá ìyàwó alága.